Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tó So Ajá Mọ́lẹ̀

"Ẹ ti gbọ́ nípa ajá Bàbá Aránbàtà? Wọ́n ní…"

"Èwo? Èyí tó máa ń…"

"Òun náà kẹ̀. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ti ní tó bá fi lè gbẹ́sẹ̀ báyìí…"

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbóná. Tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti gbóná, àrùn yẹn á kàn…" Ìyá Onídìrí fi ìyarun ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí ẹni ń da omi sílẹ̀. "Gbogbo ara."

Obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ fẹ́ yíjú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ onídìrí, kò rí ibi gbé e gbà. Ó ní ajá náà fi imú kan òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́sí. Ìyá Onídìrí dáwọ́ dúró, ó wo ẹsẹ̀ náà, ó sì bi í bóyá ó ti fi omi gbóná fọ̀ ọ́.

Báyìí lọ̀rọ̀ náà ṣe gbéra. Kí obìnrin yẹn tó dirun tán, ọ̀rọ̀ náà ti dé ìsọ̀ Bàbá Gẹrígẹrí tó ń gẹrun fáwọn ọkùnrin ní òdìkejì títì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi kún un pé kì í ṣe ajá nìkan ló wà nínú ewu, pé ẹni tó bá tẹ ibi tí ajá ọ̀hún tẹ̀ náà… Bàbá Gẹrígẹrí kò parí rẹ̀. Ó kàn mi orí, ó ń bá irun gígẹ̀ lọ. Àìparí yẹn gan-an ló dẹ́rù ba àwọn oníbàárà rẹ̀ jù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi padà dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Aránbàtà, ó ti wọ bàtà, ó ti dé fìlà, ìyá tó bí i kò lè dá a mọ̀ mọ́.

Ìyá tó bí ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú ilé yẹn gan-an. Ó jókòó ti àpótí bàtà, ó ń gbọ́ ọ, kò sì lè la ẹnu. Ọmọbìnrin Bàbá Aránbàtà ni. Kẹ́lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é nítorí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀: tó bá kí ọ, wàá kọ́kọ́ rò pé atẹ́gùn ló fẹ́ kọjá. Kì í ṣe pé kò lóye. Ìyá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níwèé nínú ilé, ojú rẹ̀ sì mú ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tí kò kàn lè ṣe ni kí àgbàlagbà máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kóun sì já lù ú.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ajá tí à ń wí. Abo ni, ó pọ́n bí awọ tuntun, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì tẹ̀ bí ahọ́n bàtà tí okùn rẹ̀ ti já. Alábàárìn ni Bàbá sọ ọ́, orúkọ náà sì ro ó. Láàárọ̀, Bàbá á jókòó sídìí òòlù àti abẹ́rẹ́, Alábàárìn á nà sábẹ́ tábìlì. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, Bàbá á kó bàtà tó ti tún ṣe sínú àpò, á gbé àpò náà síwájú ajá. Alábàárìn á ti imú bọ inú rẹ̀, á gbóòórùn dáadáa, á gbọn ara nù, ó di ọ̀nà. Ilé tó bá dúró sí, ẹni tó ni bàtà ló ń gbé ibẹ̀. Bàbá kì í kọ orúkọ sára bàtà oníbàárà. Kí ló fẹ́ kọ ọ́ fún? Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì máa ń sọ pé bó bá jẹ́ pé ajá yìí lè mú gègé lọ́wọ́ ni, òun ì bá ti fi kíláàsì òun sílẹ̀ fún un, torí ó mọ èèyàn ju bóun ṣe mọ ọmọ ilé ìwé lọ.

Kẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó kan lábẹ́ ọmú ajá náà níbi tó ti ń wẹ̀ ẹ́. Òun náà ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, torí Bàbá tó ń gún awọ lábẹ́rẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò lè dúró wo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ajá. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, ó yọ kókó náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni. Lọ́jọ́ tí ó máa dá ajá padà, ó fún Kẹ́lẹ́ lóògùn, ó sì rán an níṣẹ́ sílé. Iṣẹ́ náà ní apá méjì. Apá kìíní ni ohun tí ajá kò gbọdọ̀ ṣe kí ojú ọgbẹ́ tó jinná. Apá kejì ni pé kó máa rìn, kí wọ́n má sì so ó mọ́lẹ̀. Kẹ́lẹ́ ń kà á sínú ní gbogbo ọ̀nà, kó má bàa jábọ́ níbì kan.

Àfi bó ṣe délé tí ìsọ̀ kún. Bàbá ń kan àtẹ́lẹ̀ bàtà, gbà, gbà, gbà. Ó bi í lọ́wọ́ kan pé kí ni dókítà wí. Kẹ́lẹ́ ní, "Dókítà ní kó má sáré, kó má fò…" Ibẹ̀ ni Ìyá Onídìrí ti ń fi ẹsẹ̀ kan tọ wọlé, bàtà rẹ̀ tó já wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé ojú títì ni bàtà yìí dójú ti òun sí, pé ṣe ni àwọn èèyàn rò pé ijó lòun ń jó. Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá gba bàtà, ó yí i wò, wọ́n fa ọ̀rọ̀ láti orí àtẹ́lẹ̀ dé orí bàtà tuntun. Kẹ́lẹ́ dúró pé kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ tán. Àwọn àgbà kò sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí Ìyá Onídìrí fi máa padà lọ nínú sálúbàtà tí wọ́n yá a, àbọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà ti bá a lọ. Àbọ̀ kejì kù sẹ́nu ọmọ.

Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà tó bá dénú wa, nǹkan mìíràn ló máa ń dì.

Ìfẹ́ ni Bàbá fi ṣe ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó wá awọ tó rọ̀ jù nínú ilé, èyí tó ti ń tọ́jú fún bàtà ti ara rẹ̀. Ó gé e, ó fi òwú tínrín ṣe é ní inú, ó rán an lẹ́ẹ̀mejì-mejì kó má bàa ha ajá lára. Okùn ìsomọ́lẹ̀ tó dára jù tí ojú kan ti rí rí ni. Ó fi so Alábàárìn mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Nígbà tí Kẹ́lẹ́ rí àyè wí pé, "Bàbá, dókítà tún ní…", inú Bàbá ti dùn jù. Ó ní òun ti gbọ́, kí ọkàn ọmọ òun balẹ̀: ajá náà kò ní sáré, kò ní fò, kò tilẹ̀ ní rìn. Ó ní kí Kẹ́lẹ́ wo ojú ìránṣọ náà bó ṣe gún. Ta ló máa ba irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìta wá padà dé pẹ̀lú fìlà àti bàtà, tí Ìyá Onídìrí sọ ọ́, tí Bàbá Gẹrígẹrí sọ ọ́, tí ẹni tí kò mọ ilé dókítà rárá náà ń fi "dókítà ní" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì sí etí ara rẹ̀. Ó ń rò ó pé àgbà tó pọ̀ tó báyìí kò lè jọ ṣìnà pa pọ̀.

Alábàárìn ní tirẹ̀ kò mọ ohun tó ṣẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó dìde, ó gbọn ara nù, ó lọ. Okùn fà á padà. Ó wo Bàbá. Ó tún lọ. Nígbà tó yá, kò dìde mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan náà, ó ń lá a, ó ń lá a, títí irun ibẹ̀ fi tán tí awọ fi pọ́n. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú yàrá tó tutù. Òòlù tó ti ń gbọ́ láti ìgbà ọmọ ọwọ́ wá ń mú un ta gìrì. Oúnjẹ rẹ̀ ń gbẹ nínú abọ́. Tí wọ́n bá pè é, ògiri ló ń kọjú sí.

Bàbá pàápàá kò kúrò nílé mọ́, torí kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bàtà ń gun ara wọn lórí pẹpẹ. Tíṣà àgbà wọ sálúbàtà ilé wá béèrè tirẹ̀. Àwọn tó ń kọjá sì ti ń gba òdìkejì títì, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ẹyin.

Ìgbà tí Alábàárìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Bàbá gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní àrùn yìí ti borí. Ó ní òun kò lè jókòó máa wo ìyà tó ń jẹ ẹ́. "Tílẹ̀ bá mọ́, kí o lọ pe dókítà wá. Kó wá gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jí mọ́." Kò wo ojú ọmọ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó gbé òòlù padà, ó ń kan bàtà tó ti kàn tán.

Kẹ́lẹ́ bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà jókòó níbẹ̀, ó ń fi ìda pa okùn tí ọmọ rẹ̀ fi ń rán bàtà, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sún fún un lórí àga. Ó mú okùn mìíràn. Ìgbà tí okùn kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni Kẹ́lẹ́ tó sọ gbogbo rẹ̀, apá kìíní àti apá kejì.

Ìyá Àgbà fi okùn sílẹ̀. "Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Dókítà ni, mà."

"Ta lo wá ń bẹ̀rù?"

"Bàbá. Àti Ìyá Onídìrí. Àti Bàbá Gẹrígẹrí, àti…"

"O ti bẹ̀rù gbogbo àdúgbò tán, ó wá ku ẹni tó rán ọ." Ìyá Àgbà mi orí. "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, ọmọ mi, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ọ̀wọ̀ ni kí o kúnlẹ̀ kí o tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ kí o kúnlẹ̀ kí o má sọ ọ́."

Kẹ́lẹ́ padà sínú ìsọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé orí bàtà tí Bàbá ń kàn, gan-an níbi tí òòlù ń bọ̀ sí. Òòlù dúró lókè. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni dókítà wí. Àbọ̀ ló dé etí yín, àbọ̀ kejì wà lọ́dọ̀ mi. Ó ní kó máa rìn. Kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ, kẹ́yin fúnra yín gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà."

Bàbá wo ọwọ́ kékeré tó wà lábẹ́ òòlù. Ó wo ajá tó kọjú sógiri. Ó gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dìde, ó tú okùn lára tábìlì, ó sì gbé Alábàárìn lé àyà rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Bàbá tí kò lè wo abẹ́rẹ́ ló ṣíwájú lọ́nà.

Dókítà ẹranko jẹ́ obìnrin tó ga, tó máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Òórùn ọṣẹ àti oògùn kún yàrá rẹ̀, tábìlì irin wà láàárín, ológbò kan wà nínú àgọ́ ní kọ̀rọ̀ tó ń ráhùn sí gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó yẹ ojú iṣẹ́ abẹ wò, ó ti jinná. Ó fetí sí àyà ajá, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wò. Bàbá kọjú sí ológbò nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà, dókítà gbé ẹsẹ̀ iwájú tó ti pá náà, ó sì béèrè ẹni tó so ajá yìí mọ́lẹ̀.

Bàbá ní òun ni, nítorí jẹjẹrẹ.

"Bàbá, tí wọ́n bá gba òòlù lọ́wọ́ yín lónìí, tí wọ́n ní kí ẹ máa wo ògiri títí ara yín á fi yá ńkọ́?"

"Ọ̀la ni màá ya wèrè."

"Òun náà nìyí, kò sì lẹ́nu láti sọ ọ́."

Ó wá jókòó ti Bàbá, ó là á yé e. Ó ní ara ajá yìí ń ṣàìsàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí nínú ilé yẹn, lílá ẹsẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ láìsí ooru, títa gìrì, àìjẹun, gbígbọ̀n, kì í ṣe iṣẹ́ jẹjẹrẹ nìkan. Òun ti wá inú ara rẹ̀ títí, òun kò rí ohun tó fi hàn pé àrùn náà ti tàn kálẹ̀. Ìpayà ni. Ẹranko tó ń ṣàìsàn ti rí abẹ́rẹ́, ó ti gbóòórùn ilé ìwòsàn, ó ti jẹ̀rora, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ara rẹ̀ á máa múra ìjà àti eré sísá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì ní ríbi sá lọ. Tó bá wá rí ọ̀nà rìn, tó ń gbóòórùn ibi tó mọ̀, iṣan rẹ̀ á tú, àyà rẹ̀ á rọ̀, oorun á wá, ẹnu rẹ̀ á sì ṣí fún oúnjẹ.

Bàbá béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń gbóná tó ń gbé àrùn kiri. Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ajá náà ń lọ ń bọ̀ nígbà tó bá sùn pàápàá, kò dúró de ìgbà tó bá rìn. Ó ní jẹjẹrẹ tó wà lára ajá yìí kò lè ràn lára rẹ̀ bọ́ sára ènìyàn, ìbáà tẹ ibi tó tẹ̀, ìbáà fi imú kan ni lẹ́sẹ̀. Bàbá ní kó tún èyí sọ, kí òun lè bá Bàbá Gẹrígẹrí dé ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà kò tan wọ́n. Ó ní rírìn kì í wo jẹjẹrẹ, àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣèwádìí ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, nítorí náà kí wọ́n má torí pé ajá ń rìn kí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró. Ó ní gbogbo ẹranko kọ́ ló rí bákan náà: èyí tí jẹjẹrẹ wà nínú eegun rẹ̀, tàbí tí ọkàn rẹ̀ tàbí èémí rẹ̀ kò dára, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó mú un jáde. Nípa abẹ́rẹ́ tí Bàbá sọ, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ọjọ́ ìyẹn lè wá, Bàbá. Tó bá dé, èmi fúnra mi ni màá sọ fún yín. Kì í ṣe òní."

Bàbá na okùn awọ náà síta, ó ní, "Ẹ fi ibi tí kò gbọdọ̀ kàn án hàn mí." Dókítà fi ìka tọ ojú iṣẹ́ abẹ. Lórí àga ilé ìwòsàn níbẹ̀, Bàbá yọ ọ̀bẹ kékeré nínú àpò rẹ̀, ó tú ìránṣọ tó fi ń yangàn, ó tún un gé. Nígbà tí wọ́n délé, ó rán an pa dà. Okùn tí wọ́n fi so ajá mọ́lẹ̀ di okùn tí wọ́n fi ń mú un rìn, èyí tó gba èjìká kọjá, tí kò kan ọrùn, tí kò kan ojú iṣẹ́ abẹ.

Oòrùn rọlẹ̀. Bàbá kó bàtà sínú àpò. Ó gbé àpò náà sílẹ̀ níwájú Alábàárìn, ó sì sún sẹ́yìn. Kẹ́lẹ́ di ọwọ́ Ìyá Àgbà mú.

Ajá wo àpò. Ó wo ẹsẹ̀ tábìlì, bí ẹni ń wò ó bóyá okùn ṣì wà níbẹ̀. Ó sún mọ́ àpò, ó ti imú bọ̀ ọ́. Imú náà pẹ́ nínú àpò. Etí tó tẹ̀ náà mì. Lẹ́yìn náà ó gbọn ara nù, láti orí dé ìrù, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Kẹ́lẹ́ ló kígbe. Kẹ́lẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ó kígbe débi pé Bàbá Gẹrígẹrí yọjú lókè títì pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́.

Alábàárìn kò sáré. Ó ń lọ ní tirẹ̀, ó ń dúró gbóòórùn gbogbo igun, ó ń kí gbogbo òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Bàbá ń tẹ̀ lé e, kò fà á, kò tì í. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí? Ìsọ̀ Ìyá Onídìrí ni, torí bàtà rẹ̀ tó já lọ́jọ́sí, tí Bàbá ti tún ṣe, ló wà lókè àpò. Àwọn obìnrin tó ń dirun gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni omi ń ṣàn wọlé bá. Ajá wọlé, ó jókòó síwájú Ìyá Onídìrí, ó ń wò ó lójú.

Ìyá Onídìrí wo ajá, ó wo bàtà, ó wo àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn wà lókè. Bàbá sọ ohun tí òun fi etí ara òun gbọ́ fún un. Ẹnu obìnrin náà yà. Ó ní ṣé ẹnu Kẹ́lẹ́ yìí kọ́ lòun ti gbọ́ ọ ni? Kẹ́lẹ́ kúnlẹ̀, ó ní ẹnu òun ni, mà, ṣùgbọ́n òun kò tíì sọ̀rọ̀ tán nígbà tí wọ́n lọ. Ìyá Onídìrí fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ra ajá lórí, ó ní òun bẹ̀ ẹ́, pé bí òun ṣe fi ẹsẹ̀ kan tọ lọ́jọ́ náà, etí kan ṣoṣo náà lòun fi gbọ́ ọ̀rọ̀.

Wọ́n kọjá lọ sílé mìíràn. Àwọn èèyàn ń yọ jáde gba bàtà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe orúkọ ajá. Bàbá Gẹrígẹrí tilẹ̀ sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ yẹn, ó ní "ẹ kú oríire". Ní ìtòsí ilé Tíṣà, Alábàárìn jókòó. Bàbá kò ní kó dìde. Ó gbé àpò sílẹ̀, ó jókòó tì í lórí ilẹ̀ níbẹ̀, Tíṣà ló sì jáde wá pàdé bàtà rẹ̀. Nígbà tí ajá sinmi tán, wọ́n yíjú sílé. Ó lá abọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó nà sábẹ́ tábìlì, ó sùn, òòlù ń dún lókè orí rẹ̀, kò ta gìrì mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá, ológbò tàbí ẹran ọ̀sìn mìíràn tí jẹjẹrẹ ń bá jà, ẹ̀yin la sọ ìtàn yìí fún. Àìsàn ara máa ń bí àìsàn ọkàn, nínú ẹranko gẹ́gẹ́ bí i nínú wa. Tí ẹ bá rí i tó ń lá ibì kan ṣáá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ láìsí ooru, tó ń sá pamọ́, tí kò jẹun, tí kò sùn, ẹ má sọ pé àrùn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ tún gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ béèrè irú eré ìmárale tó bá ara rẹ̀ mu, torí ohun tó yẹ ajá kan lè má yẹ òmíràn. Tí dókítà bá yọ̀ǹda ìrìn, ẹ mú un jáde nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, lójú ọ̀nà tó mọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pinnu bó ṣe máa yá tó. Tó bá jókòó, ẹ jókòó. Tó bá ń tiro, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já geere, tàbí tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ dá a dúró kí ẹ sì pe dókítà. Ẹ má fi ìrìn rọ́pò oògùn. Paríparí rẹ̀, tí dókítà bá rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ ẹ délé ní odindi, ẹni tó bá sì ń gbọ́ ọ, kó dákẹ́ gbọ́ ọ tán.

Ìyá Onídìrí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kún, oníbàárà tuntun kan bẹ̀rẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé ajá aláìsàn kan wà ládùúgbò yìí, pé wọ́n ní dókítà ní… Ìyá Onídìrí na ìyarun sí i, ó ní kó dúró níbẹ̀. Ó yọ orí síta, ó pe Kẹ́lẹ́ tó ń kọjá pẹ̀lú Alábàárìn wọlé. Ó ní kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ dákẹ́, títí kan òun alára, kí ọmọ yìí sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kẹ́lẹ́ kí wọn. Ó dìde dúró, ó sì sọ ọ́ bí dókítà ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kò yọ kúrò, kò fi kún un:

"Má jẹ́ kó sáré, má jẹ́ kó fò, títí ojú iṣẹ́ abẹ á fi jinná. Ṣùgbọ́n má so ó mọ́lẹ̀ o. Láti ọ̀la ni kó ti máa rìn, díẹ̀díẹ̀, lójú ọ̀nà tó mọ̀, pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn. Ara rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ náà ṣàìsàn."